Ìdí tí òfin 3 fi ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́ ọmọ yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá wa. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní praímárì 5 ti há gbogbo òfin tí wọ́n fi ń mọ nọ́ńbà tó ṣeé pín láìṣẹ́kù sórí, àmọ́ tí wọ́n bá ní kó kọ factor 24 sílẹ̀, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó lè pín 24 láìṣẹ́kù, 48 àti 72 tí wọ́n jẹ́ multiple ẹ̀ (24 × 2, 24 × 3) ló máa kọ, common entrance sì ti ń sún mọ́lé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe lẹ́sìn fún àwọn ọmọ praímárì láti ilé dé ilé, ìṣòro yìí gan-an ni mò ń bá pàdé jù, ó sì gbà mí lákòókò kí n tó mọ ohun tó ń fà á. Òfin táwọn ọmọ kàn há sórí lásán kì í pẹ́ tó fi ń dà pọ̀ mọ́ òmíì. Èyí tí wọ́n bá mọ ìdí ẹ̀, kò ní kúrò lórí wọn bọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òfin 3. Wọ́n á ní kí ọmọ ro àwọn díjíìtì pọ̀, tí àròpọ̀ yẹn bá ti ṣeé fi 3 pín, nọ́ńbà yẹn náà ṣeé pín nìyẹn. Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń sọ ìyẹn fún wọn. Ẹ wá igi ìgbálẹ̀, kẹ́ ẹ dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kẹ́ ẹ gbé ìdì márùn-ún kalẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ mẹ́rin, 54 nìyẹn. Kó tú ìdì kan, kó pín in fún èèyàn mẹ́ta, mẹ́sàn-án á lọ, ẹyọ kan á ṣẹ́ kù. Ìdì kọ̀ọ̀kan ló máa ṣẹ́ ẹyọ kan kù, torí náà ìdì márùn-ún á ṣẹ́ ẹyọ márùn-ún kù, ẹ fi mẹ́rin yẹn kún un, ó di mẹ́sàn-án, ìyẹn náà á sì pín dọ́gba. Ọgọ́rùn-ún náà ò yàtọ̀, 99 á lọ, 1 á kù, ìdí nìyẹn tí 471 fi ń fún wa ní 4 + 7 + 1, ìyẹn 12, tí 3 sì lè pín in. Òfin 9 náà ti wà nínú ẹ̀, torí 9 àti 99 náà ṣeé fi 9 pín, àmọ́ 12 máa ṣẹ́ 3 kù, torí náà 471 ò ṣeé fi 9 pín, 3 ló sì máa ṣẹ́ kù níbẹ̀ náà.

Ti 4 kò le rárá. 100 jẹ́ 4 × 25, torí náà kò sí ohun tó kan wa nínú ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún, díjíìtì méjì tó kẹ́yìn nìkan la máa wò. 7,316? 16 ṣeé pín, ó parí. Ti 8 náà, mẹ́ta tó kẹ́yìn, torí 1,000 jẹ́ 8 × 125. Ti 2, 5 àti 10, wọ́n ti mọ ìyẹn.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ra ni 6 àti 12. Ẹni tí 2 àti 3 bá pín, 6 máa pín in, òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ á wá ní 2 àti 6 náà á tó fún 12. Ẹ fún un ní 18. 2 pín in, 6 pín in, 12 ò pín in. 2 ti wà nínú 6 tẹ́lẹ̀, kò mú nǹkan tuntun wá. 3 àti 4 ló yẹ kó lò, torí kò sí factor tí àwọn méjèèjì jọ ní àfi 1. Òfin 7, èmi kì í fi yọ ọmọ lẹ́nu, kó pín in tààrà ló yá jù, àmọ́ kó mọ̀ pé 91 kì í ṣe prime o, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan ló lè pín in, 7 × 13 ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kó sí i.

Tó bá di factor, méjì méjì ni kó máa kọ wọ́n: 1 àti 24, 2 àti 12, 3 àti 8, 4 àti 6, ó dé 5, kò ṣeé ṣe, ó dé 6, a ti rí i tẹ́lẹ̀, kó dúró. Ibi tí àwọn òfin yẹn ti wúlò gan-an nìyí, òun ló máa fi mọ èyí tó máa wọlé. Factor máa ń tán. Multiple ò ní òpin.

Ọjà ni mo fi ń kọ́ wọn ní multiple. Ọjà ọrún, a máa ń ka ọjọ́ tòní mọ́ ọn, torí náà ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń bọ́ sí. Tí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Sọ́ńdè òní, ìgbà wo ló tún máa bọ́ sí Sọ́ńdè? Kó kọ ti ọjà: 4, 8, 12, 16, 20, 24, 28. Kó kọ ti Sọ́ńdè: 7, 14, 21, 28. 28 ni LCM, ìyẹn multiple tó kéré jù tí 4 àti 7 jọ ní, ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló sì rí i, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Tó bá yé e, ẹ gbé ọjà ìsán lé e lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ nìyẹn, 56 ni ìdáhùn. HCF ní tiẹ̀, factor tó tóbi jù tí nọ́ńbà méjì jọ ní, bíró 24 àti ìwé 36, ọmọ mélòó ló pọ̀ jù tí wọ́n lè pín gbogbo ẹ̀ dọ́gba láìṣẹ́kù? 12.

Kẹ́ ẹ tó kúrò lórí òfin 3, ẹ kọ 4▢2 sílẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ ní kó wá gbogbo díjíìtì tó lè wọ inú àpótí yẹn kí 3 lè pín nọ́ńbà náà. Tó bá ní 0, 3, 6 àti 9, ẹ wá ní kó jẹ́ 9 ló máa pín nọ́ńbà náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á mọ̀ pé díjíìtì 3 nìkan ló kù.