Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Oúnjẹ Ilé Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ewé wa lè gbà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé ò tíì gbàgbé ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé láti aago 7 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, tí wọ́n sì ní kí ọjà wà ní títì, àfi ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn lè ṣe bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè tó jọra la kó pọ̀.

Ìdílé ẹni méje ni wá nítòsí Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Owó ọwọ́ wa ò lè ra gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Kí ni ká kọ́kọ́ rà? Báwo la ó sì ṣe mọ iye tí yóò tó wa fún ọ̀sẹ̀ méjì? (Ìyá Ìbejì)

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyá Ìbejì. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, tòmátò àti tàtàṣé, òkè Ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ò bá rìn dáadáa mọ́, àwọn ni yóò kọ́kọ́ wọ́n. Gàrí, láfún, èlùbọ́ àti ẹ̀fọ́ ní tiwọn, oko àyíká wa ló ń mú wọn wọlé. Ó ṣòro kí wọ́n tán lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá. Àmọ́ gàrí ni ọ̀pọ̀ ń sáré kó pamọ́, wọ́n á wá máa wá ẹ̀wà nígbà tí owó rẹ̀ ti lọ sókè. Ẹ ra ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ná, kí ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ tẹ̀lé e. Gàrí lè dúró dìgbà tí owó míì bá wọlé.

Bó bá bọ́ sí àárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ má fi owó ńlá ra iṣu. Iṣu ọdún tó kọjá ló wà lọ́jà nígbà yẹn, ó ti ń hù, ara rẹ̀ sì ti ń rọ̀. Ó di nǹkan bí oṣù keje kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Màngòrò pọ̀ lásìkò yẹn, kò sì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa jẹ ẹ́ dáadáa.

Ní ti iye, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ mú agolo mílíìkì kan ṣoṣo, òun ni kí ẹ fi wọn gbogbo ohun tí ẹ bá sè fún ọjọ́ méje, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní ìrẹsì agolo 5 lẹ ń sè lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: agolo 15 nìyẹn, 30 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ká ní ẹ̀wà agolo 4 ni, òun náà ẹ̀ẹ̀mẹta: 12, ó di 24. Bí kóńgò ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ bá gba agolo 8, ẹ̀wà kóńgò 3 gẹ́lẹ́ lẹ ó rà, ìrẹsì kóńgò 4 yóò sì ṣẹ́ agolo 2 kù. Ẹ rí i pé ẹ ka agolo inú kóńgò náà nílé lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, torí àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọnú. Agolo kan lè lọ nínú kóńgò bẹ́ẹ̀ láìfura.

Ohun tí a fi ń dáná ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Èédú tàbí gáàsì tí yóò se oúnjẹ náà jinná gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín pẹ̀lú iyọ̀, ọṣẹ àti ìṣáná. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí ẹ tó sè é, ẹ da omi rẹ̀ nù. Yóò tètè jinná, èédú ò sì ní lọ púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nílé bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má jẹ́ kí ó dín sí ti ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ ra òmíràn. Ìyẹn gan-an ṣáájú ìrẹsì.

Bí ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá lè dá owó jọ ra àpò ẹ̀wà kan, ó máa ń dínwó ju kóńgò lọ. Ọjọ́ tó bá dé ni kí ẹ wọ̀n ọ́n lójú gbogbo yín, kí oníkálukú gbé tirẹ̀ lọ. Èyí tó bá sùn sílé ẹnì kan ló máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ̀wà kóńgò 10 ni mo rà pamọ́. Kò pé oṣù méjì tí kòkòrò fi lu gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n máa wọ́n Sniper, oògùn apakòkòrò, díẹ̀ sí i. Ṣé kò léwu? (Ìyàwó ilé kan, Ọ̀yọ́)

Ó léwu gan-an. Ẹ má wọ́n ọn sí i, bó ti wù kó kéré mọ. Oògùn tó wà nínú rẹ̀, dichlorvos, iṣan ara ló ń bá jà, ti kòkòrò àti ti èèyàn. Ẹ ò lè gbẹ́kẹ̀ lé fífọ̀ àti sísè pé yóò mú un kúrò nínú hóró. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ike kékeré rẹ̀, 100 ml, lọ́dún 2019. Ẹja gbígbẹ táwọn kan ń wọ́n ọn sí náà kò yẹ ní jíjẹ.

Láti oko ni kòkòrò yìí ti ń bá ẹ̀wà wá. Abo rẹ̀ ti yé ẹyin sára ẹ̀wà kí wọ́n tó kó o wálé; ẹ ó rí i bí àmì funfun tíntìntín lára èèpo. Ọmọ rẹ̀ á dá hóró lu, á wọ inú rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù kan á jáde, á fi ihò róbótó sílẹ̀, á tún yé ẹyin sára hóró míì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà tó mọ́ tónítóní lọ́jọ́ tí ẹ rà á fi di ìyẹ̀fun lẹ́yìn oṣù méjì. Inú àpò tí ẹ gbé wálé gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn lẹ ó kọ́kọ́ lò. Ẹ ṣa ẹ̀wà náà, ẹ yọ èyí tó ti lu. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sílẹ̀ níbi tí òjìji kò sí, ẹ da ẹ̀wà lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká kí atẹ́gùn má wọlé. Láti aago 11 sí aago 2 ọ̀sán, lọ́jọ́ tí oòrùn mú dáadáa, ooru tó há sáàárín ọ̀rá méjèèjì yóò pa ẹyin àti ọmọ inú hóró. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Bí ẹ bá rọ ọ́ pamọ́ ní gbígbóná, á làágùn nínú ike, á sì bu.

Kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ táútáú, tí ìdérí rẹ̀ le, ló kàn. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi ra bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì rí kò yẹ fún oúnjẹ. Ẹ rọ ẹ̀wà sí i, ẹ máa mì í kí ẹ̀wà lè jókòó, kí ẹ tún rọ sí i, títí yóò fi kún dé ẹnu. Èyí ṣe pàtàkì, torí àyè tó bá ṣẹ́ kù lókè ni afẹ́fẹ́ tí kòkòrò yóò máa mí. Ẹ ká ọ̀rá sẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó dé e pinpin. Kòkòrò tó bá ṣẹ́ kù yóò mí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè yé ẹyin, á sì kú síbẹ̀. Ẹ má ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ rèé: wọ́n á rọ gbogbo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan, wọ́n á wá máa ṣí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bu agolo mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tuntun ni wọ́n ń fún kòkòrò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 mélòó kan sàn jù. Ẹ jẹ ọ̀kan tán kí ẹ tó ṣí èkejì.

Fún àpò ńlá, ẹ béèrè àpò PICS lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò àgbẹ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ẹ̀wà ní Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá nínípọn méjì ló wà nínú, àpò híhun wà níta. Ẹ so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì ṣọ́ eku, torí ihò kan péré lára ọ̀rá ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Gàrí mi máa ń bu, èlùbọ́ mi sì máa ń ní kòkòrò bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. (Ìyá Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́)

Màmá, ẹ bu gàrí náà síwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bó bá dì mọ́ra, kò tíì gbẹ. Ẹ dá a padà sínú agbada lórí iná díẹ̀, ẹ máa rò ó títí yóò fi máa dún ṣàràṣàrà, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá dà á sínú ike ọlọ́mọrí. Ẹ má gbé àpò gàrí lé sìmẹ́ǹtì lásán. Ọ̀rinrin ń gba ìdí rẹ̀ wọlé; pákó méjì lábẹ́ rẹ̀ ti tó.

Èlùbọ́ lílọ̀ kì í pẹ́ bíi gbódó. Gbódó ni kí ẹ rà, kí ẹ máa lọ ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì máa sá èyí tó kù nígbàkígbà tí oòrùn bá yọ. Bákan náà ni láfún. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Oró kan wà nínú èébu bẹ́ẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan àti sísè kì í mú un kúrò.

Iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró lọ́dọ̀ wa. Báwo la ṣe lè tọ́jú ata àti tòmátò? (Ìyá Ṣadé, Ọ̀yọ́)

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ sá wọn. Ẹ fọ ata ṣọ̀ǹbọ̀ àti tàtàṣé, ẹ jẹ́ kí omi ara wọn gbẹ, ẹ là wọ́n sí méjì, ẹ sá wọn sórí àtẹ tó ga kúrò nílẹ̀, ẹ fi àwọ̀n bò wọ́n nítorí eṣinṣin. Ẹ gé tòmátò àti ilá ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọjọ́ 3 sí 5 ni. Ẹ máa kó wọn wọlé lálẹ́, torí ìrì yóò tún rin wọ́n. Èyí tó bá ṣẹ́ lọ́wọ́ dípò kó ká ló ti gbẹ.

Lásìkò òjò, ẹ má dán sísá wò. Á bu kó tó gbẹ. Ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹ fi òróró dín in títí òróró yóò fi léfòó, kí ẹ máa gbé e kaná kó hó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má rọ ata tútù àti òróró sínú ìgò kí ẹ dé e pa fún oṣù kan. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń gbèrú níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, oró rẹ̀ lè pa èèyàn láìyí òórùn ọbẹ̀ padà.

Àlùbọ́sà ò fẹ́ ọ̀rá rárá. Ẹ tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ń gbà, kí ẹ máa yọ èyí tó bá rọ̀.

Yàrá kan ni mò ń gbé ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò ní ju ṣítóòfù kékeré kan lọ. Kí ni mo lè kó sílé? (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH)

Àbúrò, gàrí, ẹ̀pà, ẹ̀wà nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5 kan, ẹja gbígbẹ, òróró, iyọ̀. Fi ìrẹsì díẹ̀ kún un. Indomie ń ṣeé jẹ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n owó páálí kan yóò ra ẹ̀wà tó pẹ́ jù ú lọ. Kó kẹrosíìnì rẹ jìnnà sí oúnjẹ, jọ̀ọ́.

Ṣé ká máa fi ọṣẹ tàbí Jik fọ ẹ̀fọ́ àti èso tí a rà lọ́jà? Ṣé ògógóró lè rọ́pò sanitáísà? (Ọ̀pọ̀ òǹkàwé)

Ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn fọ oúnjẹ. Wọn ò ṣeé gbé mì. Omi tó mọ́ ti tó fún ẹ̀fọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta títí iyanrìn yóò fi tán. Èémí àti itọ́ ẹni tó wà nítòsí ni Kòrónà fi ń ràn jù, kò sí ẹ̀rí pé èèyàn ń kó o láti inú oúnjẹ tó jẹ. Ìbòmú nínú èrò, àyè láàárín yín àti ẹlòmíì, àti ọwọ́ fífọ̀ nígbà tí ẹ bá ti ọjà dé ni kí ẹ dì mú.

Ìlẹ̀kùn àti tábìlì ni Jik wà fún. Bí ara ike bá sọ pé sodium hypochlorite inú rẹ̀ jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ da Jik agolo 1 sínú omi agolo 34, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ẹ pò lónìí, ẹ lò ó tán lónìí. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọṣáláńgá tàbí ọtí kíkan. Èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ògógóró kò le tó. Kí sanitáísà tó ṣiṣẹ́, ọtí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọṣẹ èyíkéyìí, títí kan ọṣẹ dúdú, ń ṣe é dáadáa bí ẹ bá fi bó ọwọ́ fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, torí ó ń tú ọ̀rá tó bo kòkòrò àrùn náà.

Mo ń ta oúnjẹ ní Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ fọwọ́ kan owó mọ́, wọ́n ń fi fóònù san án, wọ́n sì ti fi àláàtì èké gba ọjà lọ́wọ́ mi. (Ìyá Oníẹ̀wà)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ẹnikẹ́ni lè tẹ ọ̀rọ̀ bíi ti báńkì ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹnikẹ́ni sì lè fi àwòrán han yín lórí fóònù tirẹ̀. Ẹ má gba èyíkéyìí nínú méjèèjì gbọ́. Ẹ kọ iye owó tó wà nínú àkáǹtì yín sílẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó gbé ọjà fúnni ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, bóyá lórí áàpù tàbí nípa títẹ nọ́ńbà báńkì yín, kí ẹ rí i pé ó ti fi iye tí oníbàárà san lé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá jẹ́ kí ẹ rí i, ẹ di ọjà náà, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí oníbàárà padà wá gbé e. Èyí tó sanwó ní tòótọ́ yóò padà wá.

Ẹ wọn ẹ̀wà kóńgò kan àti méjì sínú ọ̀rá kí èrò tó dé, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sára páálí níwájú, kí wọ́n má bàa pé lé yín lórí níbi tí wọ́n ti ń nájà. Ẹ ta okùn kan síwájú àtẹ, níwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kí oníbàárà dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí korobá omi àti ọṣẹ sì wà létí okùn náà.