Kí ló ń fà á tí eegun ìgbaròkó tó ṣẹ́ kì í fi í jinná bó ṣe yẹ?

Ibi tí eegun náà ti ṣẹ́ gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí eegun itan gba ara ọrùn eegun náà (ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ orí rẹ̀) kọjá, nítorí náà, bí ọrùn yìí bá ṣẹ́ tó sì yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, àwọn iṣan náà lè já, kí eegun má lè so pọ̀ mọ́, tàbí kí orí rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rún. Èyí tó bá ṣẹ́ nísàlẹ̀ ọrùn sábà máa ń jinná, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ó lè so ní wíwọ́, kí ẹsẹ̀ kan sì kúrú ju èkejì lọ. Sìgá mímu àti àìsàn ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń fa ìdádúró.

Bí ìrora bá ṣì wà níbi tí itan ti pàdé abẹ́ ikùn lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 6, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ẹ má ṣe fi dídarúgbó tàn ara yín jẹ. Ẹ lọ ya àwòrán X-ray, kí dókítà sì fi CT (àwòrán X-ray tí kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀ láti fi inú ara hàn dáadáa) kún un bí kò bá hàn kedere. Fún ọ̀dọ́, oníṣẹ́ abẹ lè gé eegun náà kí ó tún un tò, kí ìwúwo ara lè máa ti ojú ibi tó ṣẹ́ pọ̀ dípò kí apá méjèèjì máa yọ̀ lórí ara wọn. Fún àgbàlagbà, pípààrọ̀ oríkèé náà ló sábà máa ń dára jù.