Wo ìsàlẹ̀ ògiri kí o tó sanwó ilé

Lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí nìyí:

"Tàńtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ilé ìpoògùn kan nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) gbà mí sídìí owó. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ni n óò bẹ̀rẹ̀, 85,000 sẹ́fà ni wọn yóò máa san lóṣù. Ilé ló wá di wàhálà. Bàbá mi ní kí n máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Attakè. Mi ò ní san nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ wọn mẹ́ta la ó jọ máa sùn ní yàrá kan. Démarcheur kan, alágbàtà ilé, fi àntré-kuṣé (yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀) hàn mí ní Louho, lápá ọ̀sà. 12,000 ni lóṣù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kí n san sílẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ yìí sì tó parí. 400 ni zémidjan (ọ̀kadà) ń gbà láti ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi rí òmíràn ní Tokpota, 22,000. Kò lẹ́wà, ayálégbé mẹ́rin ló ń lo balùwẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni sí ọjà Ouando. Bàbá mi ní ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ kì í dá ilé gbé. Mi ò sì gbọ́ Ègùn dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ nílé. Èmi ni, Ọmọ Ìdènà."

Ọmọ Ìdènà, ọmọ mi, kú oríire iṣẹ́. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ rárá. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́, mo sì sunkún ní òru àkọ́kọ́. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí o béèrè kí o tó sanwó.

Ti Louho ni kí a kọ́kọ́ sọ, nítorí ó ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Má sanwó yẹn. Padà lọ síbẹ̀ lójú ọ̀sán, kí o wo ọ̀dà funfun náà dáadáa. Ṣé ó tuntun láti ilẹ̀ dé òkè, àbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló tuntun jù?

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. Ilé àkọ́kọ́ tí mo gbà ní Àjàṣẹ́, ìtòsí ọ̀sà ló wà. Oṣù kejì ni mo rí i, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ògiri funfun, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ dé orúnkún, ọ̀dà ibẹ̀ tuntun ju ti òkè lọ. Mo rí i, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, mo jí lóru, mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti wá bàtà, inú omi ni ẹsẹ̀ mi bọ́ sí. Omi náà kò pariwo. Abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó mọ ilé. Àpò gàrí tí mo gbé ti kọ̀rọ̀ ti wú, ó ti bẹ́. Àwọn ìwé ẹ̀rí mi tó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, mo sá wọn sórí okùn bí aṣọ, síbẹ̀ òǹtẹ̀ orí ọ̀kan nínú wọn ti ṣí dànù. Nígbà tí mo lọ bá onílé, ó ní ọdọọdún ni, pé kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọdọọdún! Ó mọ̀ nígbà tó ń gba owó mi, ó sì ra ọ̀dà.

Àwa tí a ti òkè wá, ojú ọ̀run la máa ń wò. Tí òjò kò bá rọ̀, a ó ní kò séwu. Ní Àjàṣẹ́, omi méjì ló wà. Òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, ó tún ń padà wá ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Èkejì ni omi ọ̀sà fúnra rẹ̀. Odò Ouémé ló ń ṣàn wọ inú rẹ̀, òkè lọ́hùn-ún, ní àríwá, ni odò náà sì ti ń bọ̀. Tí òjò bá ti pọ̀ lọ́hùn-ún, omi rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá bá wa, ọ̀sà á sì kún ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo Louho ni omi ń dé o, àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ gíga níbẹ̀ wà láìséwu. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé lápá ọ̀sà ni. Nítorí náà, fi imú sún mọ́ ògiri yẹn nísàlẹ̀, kí o gbọ́ bóyá ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Wo inú yàrá aládùúgbò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bá wà lórí búlọ́ọ̀kù, o ti rí èsì rẹ. Jí lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ kan, ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin tó ń dín in ní oríta, kí o béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá. Démarcheur yóò gba owó rẹ, yóò lọ. Aládùúgbò tó ń ta àkàrà kò ní ohun tí yóò jèrè nínú irọ́.

Ká tiẹ̀ ní omi kò dé ibẹ̀, ilé yẹn kò pọ́ọ́kú. 400 ní àlọ, 400 ní àbọ̀, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù: 20,800 sẹ́fà. Fi 12,000 owó ilé kún un, ó di 32,800. Tokpota tí o pè ní ọ̀wọ́n, 22,000 ni, ẹsẹ̀ rẹ ni ọkọ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 10,800 lóṣù, 129,600 lọ́dún, èyí sì ju owó oṣù rẹ lọ. Mi ò tíì ka àwọn ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí àwọn zémidjan ń fowó lé owó, tàbí alẹ́ tí ilé ìpoògùn bá pẹ́ kí ó tó tì, tí o sì ní láti gun ọ̀kadà ẹni tí o kò mọ̀ gba ọ̀nà tí kò sí iná.

Ti oṣù mẹ́fà tí wọ́n ní kí o san sílẹ̀, mọ̀ pé òfin wà. Òfin ilé gbígbé tí orílẹ̀-èdè wa Benin ṣe ní oṣù keje ọdún 2018 kò gbà kí onílé béèrè ju owó oṣù mẹ́ta lọ gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣì ń béèrè mẹ́fà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń wá ilé kì í fẹ́ bá onílé ṣàríyànjiyàn. Ìwọ rọra sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Béèrè ìwé àdéhùn, gba kítánsì (rìsíìtì) fún gbogbo owó tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ, má sì fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù (MoMo) sí ẹnikẹ́ni láti Kétu nítorí yàrá tí o kò tíì dúró sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o sáré, òun ni kí o rọra bá lò.

Wàyí o, ti bàbá rẹ. Ohun tó mú mi jókòó ti lẹ́tà rẹ pẹ́ nìyí, nítorí mo rí i pé ibẹ̀ gan-an ló ń dùn ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

Má bá bàbá rẹ jà. Àìgbọràn kọ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé bí ara rẹ kò bá yá lóru, ta ni yóò gbọ́? Bí ẹnìkan bá fẹ́ rẹ́ ọ jẹ, ta ni yóò sọ pé ọmọ ilé báyìí ni? Fún wọn ní èsì ìbéèrè yẹn, ọ̀rọ̀ á rọ̀. Sọ fún wọn pé o gbà, o ó dé sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Attakè, o ó sì gbé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún. Sọ oṣù méjì yẹn lójú àwọn méjèèjì kí o tó gbé àpótí wọlé, kó má baà dà bí ìjà lọ́jọ́ tí o bá ń lọ. Bí o bá dákẹ́, tí ó di ọdún kan, tí ìyàwó àbúrò bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbínú gbé ìkòkò kalẹ̀, ó ti pẹ́ nìyẹn. Àánú obìnrin náà ń ṣe mí láìmọ̀ ọ́n. Ọmọ mẹ́ta nínú yàrá kan, àlejò kan kún un, òun náà ni yóò sì máa se oúnjẹ. Má dé ọwọ́ òfo. Kó èlùbọ́ àti epo wá láti Kétu, kí o sì máa fún un ní 15,000 lóṣù sí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

Bí zémidjan láti Attakè dé Ouando bá jẹ́ 250, 13,000 ni lóṣù. Yọ ọ́ kúrò nínú 85,000 rẹ, yọ 15,000 yẹn, 57,000 ló kù. Tọ́jú 33,000 nínú rẹ̀. Ní oṣù méjì ó di 66,000, oṣù mẹ́ta Tokpota gééré, o kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ sanwó náà, àbúrò bàbá rẹ ni kí o mú dání. Kí òun jókòó pẹ̀lú onílé, kí òun sọ pé ọmọ mi nìyí, èmi ni kí ẹ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Onílé tó bá ti rí àgbàlagbà lẹ́yìn ọmọbìnrin, ọ̀tọ̀ ni bí ó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ní Kétu yóò sì gbọ́ pé ọwọ́ àbúrò òun lo ti bọ́ sínú ilé, pé o kò sá kúrò. Wàá rí i pé ọ̀rọ̀ dídá gbé kò ní le lẹ́nu wọn mọ́.

Ti Tokpota náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Béèrè bóyá kọ́ńtà iná SBEE tìrẹ wà, tàbí décompteur, kọ́ńtà kékeré, ni onílé fi ń pín iná. Bí ó bá jẹ́ décompteur, kí ó sọ iye tí ó ń gbà lórí kílówáàtì-wákàtì kan, kí o kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn onílé kan ti ń gba èrè tí kò sí nínú owó ilé. Béèrè bóyá omi SONEB wọ inú ọgbà, àbí kànga nìkan ni. Béèrè aago tí wọ́n ń ti géètì lálẹ́. Ayálégbé mẹ́rin sí balùwẹ̀ kan, o ó máa jí ṣáájú aago márùn-ún ààbọ̀, má tan ara rẹ. Mo ti ṣe é fún ọdún mẹ́rin, kò pa mí.

Ègùn kò ní dí ọ lọ́wọ́. Àjàṣẹ́ kì í ṣe ilé àjèjì fún wa. Ní Akọ̀rọ̀n, àárín ìlú yẹn, ìtàn sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá ló kọ́kọ́ dó síbẹ̀, a sì ń gbọ́ Yorùbá ní Attakè àti Oganla títí dòní. Kọ́ oǹkà Ègùn ṣáájú ohun gbogbo, láti ọgọ́rùn-ún dé ẹgbẹ̀rún, nítorí iye owó ni zémidjan, ọlọ́jà àti oníbàárà rẹ yóò kọ́kọ́ bá ọ sọ. Ìyókù yóò wá bá ọ ní ibi iṣẹ́. Àǹfààní kan sì tún wà ní apá Ouando tí o kò mẹ́nu bà: apá ibẹ̀ ni ọ̀nà tó gba Ṣakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ lọ sí Kétu ti ń jáde. Bí ilé bá ń wù ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, o kò ní la ìlú já kí o tó wọkọ̀.

Bí wọ́n bá ti gba yàrá Tokpota yẹn kí oṣù karùn-ún tó parí, má banújẹ́, wá òmíràn níbẹ̀ tàbí ní Dowa. Ṣùgbọ́n kí o tó san kọ́bọ̀, dúró kí òjò ńlá kan rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ sílípáàsì, fẹsẹ̀ rìn láti yàrá náà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìpoògùn, kí o rí ibi tí omi dúró sí. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn náà, kí o sọ ibi tí ó dé lẹ́sẹ̀ rẹ.