Ẹ jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n kó gba ìwé rẹ̀ kó tó lọ

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ẹ ní ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ń gbá họ́kì orí pápá, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, níbí ní Abẹ́òkúta, pé kóòṣì kan láti Òkè Ọya rí i nígbà tí ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wáyé ní ìpínlẹ̀ wa ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, kò sì yé pè é láti ìgbà náà pé kó wá bá ẹgbẹ́ òun gbá. Bàbá rẹ̀ gbà. Ẹ̀yin lọ́kàn yín ò balẹ̀, torí ẹ ní ọmọ náà ò tíì gbọ́n, ó máa ń bínú, ó sì máa ń fẹnu wé ẹnu pẹ̀lú rẹfirí. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ dá a dúró kó fi gbọ́n ná.

Èmi náà ti jẹ́ ọmọ yẹn rí. Ní ọdún 2007 ni mo kúrò ní Abẹ́òkúta, ọmọ ogún ọdún ni mí, ọdún mẹ́rin ni mo sì fi gbá họ́kì ní Kàdúná kí n tó padà wálé. Bí ẹ bá ní kó gbọ́n nílé kó tó lọ, màmá, ó lè má gbọ́n. Kì í ṣe pé ilé burú o. Wọ́n fẹ́ràn mi jù nílé, ìfẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n rí ìwà ara mi.

Mo ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí pápá ní Kútọ̀. Kóòṣì wa bá mi wá igi họ́kì kan tó ti sán, ó gé e kúrú, ó fi téèpù wé e. Bí mi ò bá wá sí ìgbaradì, ó máa rìn wá sí ìdí aró ìyá mi ní Ìtòkú, á bẹ ìyá mi pé kí wọ́n yọ̀ǹda mi kúrò nídìí àdìrẹ. Bí mo ṣe ń dàgbà, èmi ni mo wá ń gbá ṣọ́ọ̀tì kọ́nà fún ẹgbẹ́ wa, ìyẹn àǹfààní láti gbá bọ́ọ̀lù sí ilé góòlù tí wọ́n máa ń fún ẹgbẹ́ kan bí ẹgbẹ́ kejì bá ṣẹ̀. Mo máa ń wọ́ bọ́ọ̀lù yẹn jù sílé tí kípà á kàn máa wò ó. Gbogbo ayé wá ń pè mí ní "ọmọ wa."

Ọmọ wa kì í sáré padà sẹ́yìn bí bọ́ọ̀lù bá bọ́. Ẹlòmíràn ló ń bá a sá a. Ọmọ wa máa ń bú ẹni tí kò bá fún un ní bọ́ọ̀lù lásìkò, wọ́n á sì ní, "Ẹ fi sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Kò sẹ́ni tó kórìíra mi níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007 yẹn, a lọ bá ẹgbẹ́ kan gbá ní Ìbàdàn. Ìdajì méjì oníṣẹ́jú márùndínlógójì là ń gbá nígbà náà, kò tíì di apá mẹ́rin oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bíi ti ìsinsìnyí. A ti jẹ góòlù kan, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Rẹfirí fun fèrè, ó ní mo fi ẹ̀yìn igi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin náà á ti rí i lára igi ọmọ yín: ojú kan tẹ́, ẹ̀yìn rí rógódó, ojú tó tẹ́ nìkan ni òfin gbà kí bọ́ọ̀lù kàn. Òótọ́ ni rẹfirí sọ, ẹ̀yìn igi mi ló bà á. Ṣùgbọ́n mo ju igi mọ́lẹ̀, mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí àgbàlagbà. Ó yọ káàdì yẹ́lò. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n máa fi yọ èèyàn jókòó fún káàdì yẹn, ẹgbẹ́ yín á sì máa fi ẹni mẹ́wàá gbá a. Góòlù méjì ni wọ́n jẹ wá kí wọ́n tó ní kí n padà wọlé.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, kóòṣì ra mọ́ọ̀tì tútù fún mi, ó ní rẹfirí yẹn ò mọṣẹ́. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Kípà wa, tó ti fi ara gba bọ́ọ̀lù láti àárọ̀, kọjú sí fèrèsé, ó ń sunkún. Mo rò pé torí wọ́n nà wá ló ṣe ń sunkún. Mo mu mọ́ọ̀tì mi.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, kóòṣì fi mí sí ẹ̀yìn nínú eré kan, mo bínú, mo kó ẹrù mi, mo gba ìpè ẹgbẹ́ kan ní Kàdúná. Mo lọ láìdágbére. Màmá, ẹ gba tibí yìí sétí dáadáa: mi ò gba ìwé ìyọ̀ǹda kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí mo ti ń bọ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, wọn ò lè fi orúkọ mi sílẹ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń jókòó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí mò ń bá wọn ṣe ìgbaradì láàárọ̀ tí mo sì ń bá wọn gbé omi nígbà eré. Ọ́fíìsì tó yẹ kó kọ ìwé náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù, torí bí mo bá ti tọrọ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí n tó lọ, ọ̀sẹ̀ kan ni.

Lọ́jọ́ tí orúkọ mi wọlé, kóòṣì tuntun bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní èmi ni mò ń gbá ṣọ́ọ̀tì kọ́nà. Kò bá mi jiyàn. Ó pe ẹni mẹ́ta síwájú, ó ní kí wọ́n gbá tiwọn kí n wò. Mo wò ó. Wọ́n jù mí lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá ní kí n lọ dúró sórí ìlà ilé pẹ̀lú àwọn tó ń ṣọ́lé, pé èmi ni màá máa kọ́kọ́ sáré jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí fún yín, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Bí wọ́n bá fún ẹgbẹ́ kejì ní ṣọ́ọ̀tì kọ́nà, ẹni márùn-ún péré, pẹ̀lú kípà, ló lè ṣọ́lé, àwọn yòókù ti di ẹ̀yìn ìlà àárín pápá. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kejì á ti bọ́ọ̀lù wá láti ìlà ẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù á jáde kúrò nínú agbo iwájú ilé, wọ́n á dá a dúró, ẹni tó fẹ́ jù ú sílé á wá tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń kọ́kọ́ sáré jáde á sáré tààrà lọ bá ẹni yẹn. Kò ní yà, kò ní dúró. Bọ́ọ̀lù họ́kì ò wúwo, láti gíráàmù 156 sí 163 ni, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta, á sì máa bọ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ara rẹ. Lóde òní wọ́n máa ń fi ìbòjú bojú. Ìbò ojúgun àti ike eyín lèmi ní. Bó o bá sáré ọ̀hún dáadáa, kò sẹ́ni tó máa pariwo orúkọ rẹ. Góòlù kan tí kò wọlé ni gbogbo èrè rẹ̀.

Nínú eré àkọ́kọ́, mo yà. Ẹ̀rù bà mí, mo fi èjìká kan gba ẹ̀gbẹ́, bọ́ọ̀lù sì gba ibi tó yẹ kí n wà kọjá, ó lọ bá ọwọ́ ẹni tó dúró nídìí òpó. Kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ náà sábẹ́ apá kejì, ó jókòó. Lálẹ́, ọ̀gá ẹgbẹ́ wa wá bá mi ní yàrá. Àǹtí kan tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ ni, Èdè Òyìnbó díẹ̀díẹ̀ la fi ń gbọ́ ara wa. Mo ti ń kó àwáwí jọ. Ó ní aránṣọ lẹni tó fara pa yẹn, ọwọ́ yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ méjì. Ó wá ní, "Lọ́la, èmi àtìwọ la máa kọ́kọ́ dé pápá." Ó dìde, ó lọ.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló kan ilẹ̀kùn mi. Ọyẹ́ ń fẹ́, ọwọ́ mi ń dun mí bí igi ṣe ń bà á. Òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi ni mò ń sáré lọ pàdé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bú mi lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbà mí láàyè lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sunkún lórí pápá yẹn, torí ó wá yé mi ìdí tí kípà wa fi kọjú sí fèrèsé.

Èdè tún wà níbẹ̀. N kò gbọ́ Haúsá. Bí wọ́n bá pariwo "Baya!" pé kí n padà sẹ́yìn, tàbí "Hagu!" pé ọwọ́ òsì, mo gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí i. Ní Kútọ̀ èmi ni mo máa ń pariwo, mi ò tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni rí. Ti oúnjẹ àti ti owó ọṣooṣù tó máa ń pẹ́, kò gba àlàyé gígùn: ó máa kọ́ ọ, gbogbo ọmọ tó fi ilé sílẹ̀ ló ń kọ́ ọ.

Ẹ ní àwọn kan ń sọ pé ọmọ tó bá fi ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ sílẹ̀ ti di aláìmoore. Mi ò gbà. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn Cam Neely, agbá-họ́kì kan, fún mi, họ́kì orí yìnyín ni tiwọn, òfin rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ìtòsí Vancouver ní Kánádà ni ọkùnrin náà ti dàgbà, ẹgbẹ́ ìlú náà ló sì mú un ní ọdún 1983. Góòlù 21 ló jẹ ní ọdún tó dára jù fún un níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1986, ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún gan-an, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà jíjìn réré. Góòlù 36 ló jẹ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jẹ góòlù àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọdún kan, lẹ́ẹ̀mẹta. Markus Naslund, agbá-họ́kì orí yìnyín mìíràn, náà dé Vancouver láti Pittsburgh ní ọdún 1996, àmọ́ ọdún 2000 ni wọ́n tó fi í ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́. Torí náà, ẹ má retí pé oṣù mẹ́ta lọmọ yín á fi yí padà. Bí ẹ bá pè é lóṣù kejì tó ní òun fẹ́ wálé, ẹ gbọ́ ẹkún rẹ̀ tán, ẹ má yára fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣí lọ ló ń dàgbà. Mo mọ ẹnì kan, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, tó gbá fún ẹgbẹ́ mẹ́ta láàárín ọdún méjì. Níbi tó bá dé, kóòṣì ibẹ̀ ló burú. Ó ti fi họ́kì sílẹ̀ báyìí, ó sì dùn mí, torí igi dára lọ́wọ́ rẹ̀ ju tèmi lọ. Bí ọmọ yín bá ń lọ torí ìbínú sí kóòṣì rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kó lọ bá kóòṣì náà, kó kúnlẹ̀, kó dágbére, kó gba ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀. Kó má lọ bí mo ṣe lọ.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè ibi tó máa sùn, ẹ béèrè obìnrin wo ló ń mójú tó àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀, ẹ sì bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ fúnra yín. Ẹ béèrè ẹni tó máa san owó ilé ìwòsàn bó bá fara pa. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fẹ́ ṣe JAMB, kí ó wà nínú ìwé náà pé wọ́n máa yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá fẹ́ kọ èyí sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó lọ síbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n lórúkọ tó.

Ní ọdún 2009, eré kan gbé wa wá sí Abẹ́òkúta. Kóòṣì mi àtijọ́ jókòó ní ìtòsí ìlà. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀tì kọ́nà, mo sáré jáde, bọ́ọ̀lù bà mí nítan, mo ṣubú, ilé wa kò gba góòlù yẹn. Lẹ́yìn eré ó wá bá mi, ó wo ibi tó wú náà, ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?" Mo nawọ́ sí àǹtí yẹn. Kóòṣì mi lọ bá a, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́ lédè Yorùbá tí kò yé ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá lọ bá kípà wa, tó wá wòran ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọjọ́ Ìbàdàn. Ó ní ọdún méjì lòun ti ń retí ẹ̀bẹ̀ yẹn.

Àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ báyìí, ní Kútọ̀, láràárọ̀ Sátidé, láti aago méje. Bí ìwé ẹgbẹ́ náà bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ mú un wá pẹ̀lú ọmọ yín. Kó mú igi rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi á ka ìwé náà pẹ̀lú yín, òun á sì bá àwọn ọmọ mi ṣọ́lé fún wákàtí kan.