Ṣé àkòrí MeSH nìkan tó láti wá ìwé ìṣègùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Agbẹ̀bí ni mí, mo sì ń ṣèwádìí lórí aláboyún tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Olùkọ́ mi ní kí n fi àkòrí MeSH, ìyẹn àwọn orúkọ kan pàtó tí wọ́n fi ń to ìwé ìṣègùn sábẹ́ kókó ọ̀rọ̀ wọn, wá ìwé ní PubMed, ibi àwárí ìwé ìwádìí ìṣègùn lórí ayélujára. Ṣé kí n pa ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi fi ń wá ìwé tì ni?

Ìdáhùn: Má pa á tì rárá, àbúrò mi. Àkòrí Anemia, Sickle Cell, orúkọ tí MeSH fún àrùn náà, wúlò gan-an: á kó ìwé jọ fún ọ, ì báà jẹ́ sickle cell disease tàbí drepanocytosis ni òǹkọ̀wé pè é. Ṣùgbọ́n ìwé tuntun tí wọn ò tíì fún ní àkòrí kò ní jáde, àwọn mìíràn sì wà ní PubMed tí wọn kì í fún ní àkòrí láéláé. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló máa mú ìyẹn wá.

Fi OR, tó ń mú ìwé tó ní èyíkéyìí nínú wọn wá, so àkòrí náà mọ́ sickle cell, HbSS (irú àrùn náà kan) àti drepanocytosis, kó wá wọn nínú àkọlé àti ìsọnísókí. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún oyún náà: àkòrí Pregnancy, OR pregnan* pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ yẹn, tó ń mú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ìgbà náà ni kí o tó fi AND, tó ń mú kìkì ìwé tó ní méjèèjì wá, so apá méjèèjì pọ̀, ti àrùn àti ti oyún. Mo bẹ̀ ọ́, má fi AND sáàárín àkòrí àti ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́. Ìwé tí kò ní àkòrí á dànù, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí sì ṣe pàtàkì ju kí ẹ̀rí kankan sọnù lọ. Tọ́jú gbogbo ìlà tí o tẹ̀ àti ọjọ́ tí o tẹ̀ ẹ́, torí olùkọ́ rẹ á béèrè.