Nígbà Tí Bíṣọ́ọ̀bù Bá Kan Ẹṣin Mọ́ Iwájú Ayaba

Ìbéèrè: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ìbarà ní Abẹ́òkúta níbí ni à ń gbé, ọmọ mi sì ń ta ṣẹ́ẹ̀sì nílé ẹ̀kọ́ wọn. Bí ó bá mú dúdú, bíṣọ́ọ̀bù funfun a wá jókòó sí g5 (lẹ́tà ń tọ́ka sí òpó, nọ́ńbà sì ń tọ́ka sí ìlà lórí pátákó), ẹṣin rẹ̀ tó wà ní f6 kò sì ní lè kúrò nítorí ayaba tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní d8. Pọ́ọ̀nù h6 àti g5 ló máa ń fi lé e, síbẹ̀ wọ́n á borí rẹ̀. Kí ni kí ó ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹṣin náà. Bí ó bá jẹ́ ọba ni, òfin kò gba ẹṣin láyè láti gbéra rárá (bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń ṣọ́ àwọn ilé tí ẹṣin máa ń fò sí, tí ọba funfun kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n). Bí ó bá jẹ́ ayaba ni, ó lè gbéra, kìkì pé ohun tí yóò ná wa ni a ó kọ́kọ́ ṣírò.

Bí pọ́ọ̀nù e7 bá ti ṣí lọ, kí ó gbé bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí e7, sí iwájú ayaba. Bí funfun bá wá jẹ ẹṣin, bíṣọ́ọ̀bù ni yóò fi gbẹ̀san, àwọn pọ́ọ̀nù tó wà níwájú ọba kò sì ní tú ká. H6 nìkan kò burú. G5 ni mo ń bẹ̀rù, pàápàá nígbà tí ọba bá ti wọlé sí g8, nítorí pé ẹṣin funfun tó wà ní f3 lè fi ara rẹ̀ jẹ pọ́ọ̀nù g5, kí pọ́ọ̀nù h6 jẹ ẹ́, kí bíṣọ́ọ̀bù tó ti sá sí h4 sì padà wá jẹ ẹ́, kí ó jókòó sí g5 kan náà, níbi tí kò ti sí pọ́ọ̀nù tí yóò lé e mọ́. Bí ọba bá ṣì wà láàárín, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀.

Ẹ tún bá a to èyí sórí pátákó (funfun ló ń ṣáájú, dúdú ń tẹ̀lé e; ibi tí mi ò bá ti dárúkọ ohun tó gbéra, pọ́ọ̀nù ni): d4 d5, c4 e6, ẹṣin c3, ẹṣin f6, bíṣọ́ọ̀bù g5, ẹṣin láti b8 sí d7, pọ́ọ̀nù jẹ d5, pọ́ọ̀nù e6 jẹ ẹ́ padà. Funfun gbà pé ẹṣin f6 kò lè mira, ó sì fi ẹṣin c3 jẹ pọ́ọ̀nù d5. Kí dúdú fi ẹṣin f6 jẹ ẹ́! Bí bíṣọ́ọ̀bù bá jẹ ayaba ní d8, bíṣọ́ọ̀bù dúdú yóò sáré láti f8 sí b4, yóò fún ọba ní ṣẹ́ẹ̀kì (ìyẹn ni pé yóò dojú kọ ọba ní tààrà), funfun kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó fi ayaba rẹ̀ dí i ní d2. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú jẹ ayaba, ọba funfun jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọba dúdú jẹ bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní d8. Odindi ẹṣin kan ni funfun pàdánù nítorí pọ́ọ̀nù kan.

Kí ó tó dán an wò, kí ó rí i dájú pé ẹṣin funfun ti kúrò ní c3 àti pé ọ̀nà f8 sí b4 mọ́. Bí ẹṣin náà bá ṣì wà níbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kò ní lè fún ọba ní ṣẹ́ẹ̀kì ní b4, ayaba yóò sì lọ lásán.