Kí o tó fi fóònù gba owó ọjà

Àbúrò, o ní ó ti di oṣù mẹ́ta tí o ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ pé kí ẹ máa gba owó ọjà (owó ìsọ̀ tí ọlọ́jà ń san fún ìjọba ìbílẹ̀) lórí fóònù dípò tíkẹ́ẹ̀tì, pé fáìlì náà kò kúrò lójú kan. Bóyá kí o dúpẹ́. Tèmi kúrò lójú kan, ìyẹn gan-an ló kó mi sí wàhálà.

Rẹ́fẹ́níù, ẹ̀ka tó ń gba owó wọlé fún ìjọba, ni mo wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Rẹ́mọ. Mo ní kí gbogbo ìsọ̀ ní nọ́ńbà, kí ọlọ́jà máa sanwó lórí POS, kí ó wọ àpò ìjọba tààrà. Alága fọwọ́ sí i kíá. Ọjọ́ tí a gbé ọ̀dà dé láti kọ nọ́ńbà, àwọn ìyá ọlọ́jà lé wa jáde. Wọ́n ní kíkà tí à ń ka ìsọ̀ wọn, owó la fẹ́ fi kún owó. Èmi ọmọ bíbí ìlú, n kò tíì dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà!

Àṣé àwọn agbowó wa ló ti lọ ta wọ́n lólobó. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n á gba owó ẹni mẹ́ta. (Owó oṣù wọn kì í sì í dé lásìkò, n kò ní purọ́ mọ́ wọn.) Mo gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, mo tún ní kí wọ́n bá mi ru ọ̀dà.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan tó ń ta obì ló mú mi lọ bá Ìyálọ́jà. Mo dọ̀bálẹ̀. Màmá ní, "Owó tí à ń san láti ọjọ́ yìí, ibo ló gbà lọ? Wo gọ́tà yẹn." Mo wò ó. Mo ní a ó kó o.

Níbẹ̀ ni mo tún ti kọsẹ̀. Mo rò pé a lè yọ owó gọ́tà lára owó POS. Akápò wa ní n kò gbọ́dọ̀ dán an wò: gbogbo owó tí a bá gbà gbọ́dọ̀ dé báǹkì ní pípé, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì sì ni ohun tí a máa ná gbọ́dọ̀ ti wá. Ó tọ̀nà. Ó di ọdún kejì kí gọ́tà tó mọ́. Ìlà elélùbọ́ nìkan la fi bẹ̀rẹ̀, àwọn agbowó kan náà la sì gbé POS lé lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹ́ran ló wá ń bi wá pé ìgbà wo ló máa kàn wọ́n.

Fi fáìlì yẹn sílẹ̀ ná. Tí o bá máa tún un kọ, Àfikún Kẹrin nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka ọjà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Fi ìyẹn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní kì í ṣe iṣẹ́ yín. Rí akápò yín kí wọ́n tó ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyálọ́jà ni kí o kọ́kọ́ rí. Bí o kò bá mọ ẹni tó lè mú ọ dé ọ̀dọ̀ wọn, sọ ìlú tí o wà. Láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, n kò ní ṣàìmọ ẹnìkan.